Òpómúléró Tí Kò Ru Òrùlé: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nínú Ìdíje Ìjiyàn Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ní oṣù January 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí mò ń kọ́ ní ìjiyàn ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà, jiyàn nígbà márùn-ún ní Sátidé kan ṣoṣo, ó sì pàdánù mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, ohùn rẹ̀ já geere, ó sì ti múra sílẹ̀ débi pé ó mọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ lórí láìwo ìwé. Gbogbo àwọn adájọ́ mẹ́rin tí kò dá a láre ló yìn ín fún bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìdájọ́ tilẹ̀ yàtọ̀ síra, ibì kan náà ló forí lé: ohun tí ọmọ yìí ní òun ń jà fún yàtọ̀ sí ohun tó ń jà fún gan-an. Mo ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwa tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó gbà wá ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí a tó rí ibi tí ó ti wọ́, àti nítorí pé èmi fúnra mi ni mo dá kún un.

Irú ìjiyàn tí mò ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní Lincoln-Douglas, ẹni méjì péré ló sì máa ń kojú ara wọn nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ National Forensic League, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925 tó sì ń jẹ́ National Speech and Debate Association láti 2014, ló mú un wọnú ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìparí àwọn ọdún 1970. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ rántí àríyànjiyàn méje tí Abraham Lincoln àti Stephen Douglas ṣe káàkiri Illinois ní 1858, nígbà tí àwọn méjèèjì ń du ipò aṣòfin àgbà. Oṣù méjì-méjì ni àkòrí máa ń yí padà. Olórí ìbéèrè inú rẹ̀ ni bóyá ohun kan tọ́, ju bóyá ó ṣeé ṣe lọ, nítorí náà ó ti di àṣà pé kí olùjiyàn kọ̀ọ̀kan dárúkọ ohun kan tó gbà pé ó ga ju gbogbo ohun mìíràn lọ nínú ọ̀rọ̀ náà: òdodo, òmìnira, iyì ọmọ ènìyàn, ààbò ìlú, àti irú wọn. Èmi máa ń pe èyí ní òpómúléró, nítorí pé òun ló yẹ kó gbé ilé ọ̀rọ̀ náà ró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olùjiyàn yóò dárúkọ òṣùwọ̀n, ìyẹn ohun tí adájọ́ yóò fi wọ̀n ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kó lè mọ ẹni tó sún mọ́ òpómúléró náà jù. Ó tún yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í yan apá tí yóò wà. Ó lè gbè lẹ́yìn àkòrí ní òwúrọ̀, kó sì máa tako àkòrí kan náà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àkòrí January àti February ọdún yẹn sọ pé ó yẹ kí wọ́n fòpin sí ìdúnàádúrà lórí ẹ̀sùn nínú ètò ìdájọ́ ọ̀daràn Amẹ́ríkà. Ìdúnàádúrà yìí ni àdéhùn tí agbẹjọ́rò ìjọba máa ń bá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ṣe, pé kí ó gbà pé òun jẹ̀bi láìsí ìgbẹ́jọ́, kí wọ́n sì dín ẹ̀sùn tàbí ìjìyà rẹ̀ kù. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Missouri v. Frye ní 2012, ó sọ ọ́ nínú ìdájọ́ náà pé ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ìdálẹ́bi ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, àti ìdá 94 ní ti àwọn ìpínlẹ̀, ló jẹ́ pé olùjẹ́jọ́ ló fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi. Àwọn tí ẹjọ́ wọn dé iwájú júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti pinnu bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, kò tó nǹkan.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí. Òpómúléró rẹ̀ ni òdodo, ó sì túmọ̀ rẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ nínú ìjiyàn yìí, pé ó jẹ́ fífún oníkálukú ní ohun tó tọ́ sí i. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni àǹfààní tó pọ̀ jù lọ fún àwùjọ. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó gbé kalẹ̀ dá lórí àwọn aláìṣẹ̀ tó ń gbà pé àwọn jẹ̀bi nítorí ìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n gígùn. Èkejì dá lórí Paul Hayes, ọkùnrin kan ní Kentucky tí wọ́n fẹ̀sùn ayédèrú sọ̀wédowó kàn, owó tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 88.30. Agbẹjọ́rò ìjọba ní òun yóò dámọ̀ràn ẹ̀wọ̀n ọdún 5 bí Hayes bá gbà pé òun jẹ̀bi. Bí kò bá gbà, òun yóò fi òfin tó wà fún àwọn arúfin paraku mú un, nítorí pé wọ́n ti dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀mejì rí. Hayes kọ̀. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 1978, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní agbẹjọ́rò náà kò ré òfin kọjá.

Ẹ̀rí méjèèjì yìí lágbára, kò sì sí èyí tó bá òṣùwọ̀n rẹ̀ mu. Alátakò rẹ̀ nínú ìjiyàn kejì, ọmọkùnrin kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ bá a jà lórí àwọn aláìṣẹ̀. Ó ní òun gba òṣùwọ̀n náà tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì fi í wọ̀n ọ̀rọ̀: bí gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyẹn bá dé iwájú júrì, ta ni yóò gbọ́ wọn, ta ni yóò sanwó rẹ̀, oṣù mélòó ni àwọn tó wà ní àtìmọ́lé yóò fi dúró? Bí aláìṣẹ̀ díẹ̀ bá jìyà kí ọ̀pọ̀ tó lè rí ìdájọ́ kíákíá, àǹfààní tó pọ̀ jù lọ náà nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ na idà sí i. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ kọ ọ́ pé ohun tí òun gbọ́ láti ọkàn ọmọ náà ni pé kò sí iye ènìyàn tó lè jàǹfààní tí a fi gbọ́dọ̀ fìyà jẹ aláìṣẹ̀, àmọ́ iye ènìyàn tó ń jàǹfààní gan-an ló bẹ òun pé kí òun máa kà.

Ibi tí èmi ti ṣe àṣìṣe tèmi nìyí. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ní kó pààrọ̀ òpómúléró, n kò sì bi í léèrè ohun tó gbà gbọ́. Mo fún un ní iyì ọmọ ènìyàn, mo fi òṣùwọ̀n tì í láti ọ̀dọ̀ Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Jámánì ti ọ̀rúndún kejìdínlógún, tó ní a kò gbọ́dọ̀ sọ ènìyàn di ohun èlò lásán láti fi dé ibi tí à ń lọ. Lórí ìwé, ó gún régé. Òpómúléró àti òṣùwọ̀n bára mu, ọ̀rọ̀ àwọn aláìṣẹ̀ sì bá méjèèjì mu. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìjiyàn ló ní irú ọ̀rọ̀ Kant yìí nínú fáìlì, tí wọ́n ń fà á yọ bí àkòrí tuntun bá ti dé, èmi náà sì ní tèmi. Àlàyé tí mo ṣe fún un lórí rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo jókòó sẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, mò ń wo ìjiyàn rẹ̀ kẹta nínú ìdíje mìíràn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣáájú, alátakò ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti fi bi ẹni tó sọ̀rọ̀ ní ìbéèrè. Ọmọbìnrin tó kojú rẹ̀ sọ pé: “Ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi, tó fẹ́ gba ẹ̀wọ̀n ọdún kan dípò mẹ́wàá, tí ìjọba bá ní kò gbọ́dọ̀ yan èyí tó fẹ́, ṣé iyì rẹ̀ ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún yẹn?” Akẹ́kọ̀ọ́ mi wo ìwé rẹ̀. Bébà ńlá kan ni, ó ti fa ìlà sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi gègé dúdú kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó sì ń fi pupa kọ ti alátakò. Gègé pupa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi sún bébà náà sọ́tùn-ún díẹ̀, ó tún fi dá a padà. Ó ní, “Kant sọ pé…” ó sì dákẹ́. Aago orí fóònù adájọ́ ń ká lọ. Nígbà tó tún la ẹnu, gbólóhùn tí mo kọ fún un ló kà jáde, kò sì dáhùn ìbéèrè náà rárá.

Ìbéèrè gidi ni ìbéèrè yẹn, kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Ó sì ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá òpómúléró rẹ̀ gbé dáadáa ló lè rí ìdáhùn náà kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fún un dára ju èyí tó ní tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ó borí lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, èyí tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, ká sì ní iye ìṣẹ́gun nìkan ni mò ń kà, ǹ bá ní ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kò ti ọ̀dọ̀ mi wá. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bàbá ọmọ náà bi í nídìí oúnjẹ pé kí gan-an ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, nítorí náà Yorùbá ló gbìyànjú láti fi ṣàlàyé, kò sì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè lò ju dúnàádúrà lọ. Bàbá rẹ̀ dá oúnjẹ dúró. “Dúnàádúrà kẹ̀? Èyí tí à ń ṣe nídìí ata àti iṣu? Ta ló ń nájà nínú ẹjọ́?” Ọmọ náà ní, “Ìjọba àti ẹni tí wọ́n mú ni, Dádì.” Bàbá ní, “Ọjà wo wá ni wọ́n ń ná?” Ó sọ fún mi pé òun kò rí èsì fọ̀, àti pé ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí òun tètè sùn.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ kejì, kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. “Àǹtí, ẹ̀bi ni wọ́n ń ná. Ohun tó ń bí mi nínú nípa Hayes nìyẹn. Ohun tó ṣe kò yí padà, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò yí padà, ọdún márùn-ún kàn di gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ torí pé kò san iye tí wọ́n pè.”

Gbogbo ohun tí a ti ń wá láti ọjọ́ yìí wà nínú gbólóhùn yẹn. Òdodo tó ti mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ló ń jà fún, àmọ́ ó ti wá ní ìtumọ̀ kan pàtó, pé ohun tí ènìyàn ṣe àti ohun tí ẹ̀rí fi hàn ló gbọ́dọ̀ pinnu ìjìyà rẹ̀, láìka bóyá ó rọ iṣẹ́ ẹni tó fẹ̀sùn kàn án lọ́rùn. Mo kó ọ̀rọ̀ Kant kúrò nílẹ̀, mo fún un ní bébà òfìfo. Mo ní kó kọ àwọn ẹ̀rí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bébà náà, kó sì bi ara rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí ló burú níbẹ̀, kó tó gòkè lọ kọ òṣùwọ̀n. Ohun tó kọ ni pé ìjọba kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni ju ibi tí ẹ̀rí tó fi lélẹ̀ ní gbangba bá gbà á láyè dé lọ. Àtúnṣe Kẹfà sí òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, tó fún olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ gbangba níwájú júrì, wá rí ibi jókòó sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ló dá dúró lójú ewé kejì bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kí.

Lẹ́yìn èyí ni mo ní kó fa ìlà sábẹ́ òṣùwọ̀n náà, kó kọ gbogbo ohun tí yóò náni bí ìlú kan bá tẹ̀ lé e. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ṣe é, òun sì ni mo kà sí iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ṣe. Ó kọ ọ́ pé ẹlẹ́bi yóò lọ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà mìíràn, bí ẹ̀rí kò bá tó. Ó kọ ọ́ pé ẹni tí wọ́n ṣe níbi yóò ní láti wá jẹ́rìí ní gbangba, nígbà tí àdéhùn ì bá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé owó àti adájọ́ púpọ̀ sí i ni yóò gbà. Ó fẹ́ fi Alaska bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀: ní 1975, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà ka ìdúnàádúrà léèwọ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, iye ìgbẹ́jọ́ sì lọ sókè, àmọ́ ètò ilé ẹjọ́ kò dà wó bí àwọn ènìyàn ṣe bẹ̀rù. Ẹ̀rí dáadáa ni. Ṣùgbọ́n èrò tó wà ní Alaska kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti California, díẹ̀díẹ̀ sì ni ìdúnàádúrà padà síbẹ̀ láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo ní kó fi Alaska dín iye náà kù, kó má ṣe fi í sọ pé kò sí iye kankan.

Ọjọ́ yẹn náà ló bi mí ní ìbéèrè tó le jù. “Àǹtí, bí mo bá gba èyí gbọ́ tó báyìí, ṣé irọ́ kọ́ ni màá máa pa bí mo bá wà ní apá kejì?” N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn fò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń parí ọdún mẹ́ta nínú ìjiyàn yìí pẹ̀lú èrò pé òpómúléró jẹ́ aṣọ tí à ń wọ̀ tí à ń bọ́, olùkọ́ tí kò bá sì dáhùn ìbéèrè yìí ló ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mo ní kó di òdodo mú ní apá kejì pẹ̀lú, kó sì ronú ọkùnrin tí kò rí owó béèlì san, tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ ní àtìmọ́lé láti oṣù dé oṣù, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́, tí àdéhùn sì lè dá padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́la. Òdodo tó dé lẹ́yìn tí ayé rẹ̀ ti bàjẹ́ tán, kí ló kù níbẹ̀ fún un? Olóòótọ́ ènìyàn lè sọ èyí látọkàn wá. Iye tó ń ná ni pé àwọn aláìṣẹ̀ kan yóò gbà pé àwọn jẹ̀bi, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn pẹ̀lú. Mo ní irọ́ ń bẹ nínú pípa iye náà mọ́, ní apá yòówù kó wà.

Mo fi ọ̀rọ̀ àwọn méjì tí ìjiyàn yìí ń jẹ́ orúkọ wọn tì í lẹ́yìn. Òpómúléró Douglas ni pé kí àwọn ará ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ṣàkóso ara wọn, kí wọ́n fúnra wọn dìbò bóyá wọn yóò gba níní ẹrú láàyè. Ó dùn létí. Lincoln kò sọ pé ìṣàkóso-ara-ẹni burú. Ó fi ìka tọ́ iye rẹ̀, pé ènìyàn ni ẹni tí wọ́n fẹ́ dìbò lé lórí yìí, kò sì sí lára àwọn tó ń dìbò. Síbẹ̀, Douglas ló mú ipò aṣòfin náà lọ. Mo sọ èyí fún un pẹ̀lú, kó má baà rò pé ẹni tó bá rí iye náà ló máa ń borí lọ́jọ́ náà.

Ní àárín February, ó tún lọ díje. Nínú ìjiyàn kejì, alátakò rẹ̀ náà mú òdodo, nítorí náà orí òṣùwọ̀n ni gbogbo ìjà wà. Nígbà tí àsìkò ìbéèrè tó, ọmọkùnrin náà tẹ síwájú, ó ní: “Ṣé ohun tí o wá ń sọ ni pé kí ẹlẹ́bi máa lọ sílé?” Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò wo ìwé. Ó ní, “Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Bí ìjọba kò bá lè fi ẹ̀rí hàn, màá gbà kó lọ sílé ju kí a máa ná ẹ̀bi bí ẹni ń nájà lọ. Mo mọ ẹni tí èyí yóò pa lára, mo sì dárúkọ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi.” Adájọ́ gbé orí sókè, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti ní ìbéèrè mẹ́ta mìíràn tó tò sẹ́yìn èyí, tí gbogbo wọn dúró lórí pé yóò sẹ́. Kò lè lo ọ̀kankan nínú wọn mọ́.

Ó borí mẹ́ta nínú márùn-ún. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó pàdánù jẹ́ ti àìfètò sí àkókò, n kò ní tẹnu mọ́ ọn. Ìkejì ni mo pa ìwé ìdájọ́ rẹ̀ mọ́. Òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ṣe adájọ́, irú èyí tó pọ̀ nínú àwọn ìdíje wa, ó sì kọ ọ́ pé òun lóye ohun tí ọmọ náà ń jà fún, òun rí i pé ó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ pọ̀ jù lójú òun fún àwọn tí wọ́n ṣe níbi. Mo ka ìyẹn sí ìdájọ́ tó péye. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni adájọ́ wọ̀n kó tó kọ̀ ọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ní January, ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ dé orí ìwọ̀n.

Láti ìgbà náà, n kò gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè mọ́ láti kọ òpómúléró kó tó kọ ẹ̀rí. Bí mo bá rí i pé òṣùwọ̀n ọmọ kan yóò jẹ́ kí alátakò borí pẹ̀lú ẹ̀rí ọmọ náà fúnra rẹ̀, a ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, bó ti wù kí ìdíje kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ tó. Èmi kì í fún wọn ní onímọ̀ ọgbọ́n orí kankan títí wọn yóò fi sọ ohun kan náà lọ́rọ̀ ara wọn, ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé bó bá ṣeé ṣe, nítorí pé èdè ilé kì í jẹ́ kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ ńlá bo àìmọ̀. Fún àwọn tó ń gbè lẹ́yìn àkòrí, ìfèsì àkọ́kọ́ wọn, tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ lẹ́yìn tí alátakò ti lo méje, ni mo máa ń ṣọ́ jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sá tọ ẹ̀rí lọ tí wọ́n sì ń gbàgbé òpómúléró. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ìlàjì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ sọ òṣùwọ̀n wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n dárúkọ iye rẹ̀ fúnra wọn kí alátakò tó dárúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá máa fèsì.